Báwo ni a ṣe lè kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àjọṣe nínú iṣẹ́ àkànṣe ẹgbẹ́?

Olùkọ́Kọ̀ǹpútà béèrè pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin olùkọ́ tó wà níbí, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni mò ń kọ́, nínú ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń fi odindi sáà kan ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún ẹni tí yóò lò ó ní tòótọ́. Ẹni márùn-ún márùn-ún ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn fúnra wọn ló sì ń yan ara wọn. Ohun tí wọ́n ń gbé wá ní ìparí sáà kì í burú, òmíràn tilẹ̀ máa ń wú mi lórí gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan nípa bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ó máa ń hàn pé ẹnìkan péré, tàbí ẹni méjì, ló mọ tinú tòde rẹ̀. Àwọn tó kù mọ orúkọ ẹgbẹ́, wọ́n mọ ọjọ́ tí a ó gba iṣẹ́, wọ́n sì mọ ìwọ̀nba ojú ìwé tí wọ́n kọ nínú ìjábọ̀. Máàkì kan náà ni gbogbo wọn ń gbà.

Oríṣi ẹjọ́ méjì ló sì máa ń dé etí mi láti inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ṣiṣẹ́ jù á ní wọ́n di gbogbo ẹrù lé òun lórí. Àwọn yòókù á ní kò jẹ́ kí àwọn fọwọ́ kan nǹkan kan. Tọ̀tún tòsì ló máa ń mú ẹ̀rí wá.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ béèrè. Ṣé kí èmi fúnra mi máa pín wọn sí ẹgbẹ́? Ṣé ó tọ́ kí máàkì yàtọ̀ láàárín ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, kí sì ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀? Èyí tó ká mi lára jù ni ẹ̀kẹta: báwo ni a ṣe ń kọ́ ènìyàn ní àjọṣe gan-an, nínú ẹ̀kọ́ tí àkókò rẹ̀ kò tilẹ̀ tó fún ohun tó wà nínú ìwé?

Àwọn kan níbi iṣẹ́ mi gbà mí nímọ̀ràn pé kí n pa iṣẹ́ ẹgbẹ́ tì, kí n fún oníkálukú ní tirẹ̀. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà ńlá kan tí ẹnìkan ń dá ṣe láyé òde òní, bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú afárá àti ìwádìí ìṣègùn. Bí wọn kò bá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa, ibo ni wọn yóò ti kọ́ ọ?

ÀgbàOlùkọ́ fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé wá yìí ti pẹ́ láyé ju kọ̀ǹpútà lọ. Max Ringelmann, ẹlẹ́rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ní kí àwọn ènìyàn máa fa nǹkan, lọ́kọ̀ọ̀kan àti lápapọ̀, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1913. Ẹni méjì tó jọ ń fà á lo nǹkan bí ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí à bá retí láti ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n fi di mẹ́jọ, ó ti já wálẹ̀ sí ìdá 49. Apá kan àdánù yìí wá láti inú pé ọwọ́ wọn kò dọ́gba lórí okùn, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Ní 1979, Bibb Latané, Kipling Williams àti Stephen Harkins di àwọn ènìyàn lójú, wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí wọn létí, wọ́n ní kí wọ́n pariwo tó bí agbára wọn bá ti mọ. Ẹni tó bá rò pé àwọn mìíràn ń bá òun pariwo á dín tirẹ̀ kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ni ohùn rẹ̀ ń jáde. Ohun tó kàn wá jù ni èyí tí àwọn mẹ́ta náà rí ní 1981: nígbà tí oníkálukú mọ̀ pé a lè gbọ́ ohùn tòun lọ́tọ̀, àdínkù náà pòórá.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi yára pe akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀lẹ. Bí a bá to iṣẹ́ lọ́nà tí a kò fi lè rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn rere ni yóò fà sẹ́yìn láìmọ̀ pé àwọn ń fà sẹ́yìn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dín iye wọn kù. Mẹ́rin ni mo fara mọ́ jù. Mẹ́ta náà dára, àmọ́ bí ara ẹnìkan kò bá yá nínú ẹni mẹ́ta, iṣẹ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, kí orúkọ ẹnìkan wà lára apá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò ṣe é, kí orúkọ ẹlòmíràn sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọlé sínú iṣẹ́ àpapọ̀. Nígbà tí ẹ bá wá ń ṣe ìdánwò àfẹnusọ, ẹni tó yẹ iṣẹ́ náà wò ni kí ẹ bi, kì í ṣe ẹni tó ṣe é. Bí a bá ti kéde èyí láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹni tó ṣe iṣẹ́ yóò máa fara balẹ̀ ṣàlàyé fún ẹnìkejì rẹ̀, nítorí máàkì ẹgbẹ́ wà nínú ìdáhùn onítọ̀hún. David Johnson àti Roger Johnson, tí wọ́n lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ẹ̀kọ́ àjọṣe ní University of Minnesota, tẹnu mọ́ ohun méjì tó gbọ́dọ̀ jọ wà: kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nílò ara wọn láti yege, kí oníkálukú sì jíhìn fún ti ara rẹ̀. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe kò ní ìkankan nínú méjèèjì, nítorí pé ẹnìkan lè dá gbogbo rẹ̀ ṣe, kò sì sí ẹni tí a ń bi ní tirẹ̀.

Lórí pé ta ni kí ó pín wọn, ẹ̀yin ni kí ẹ pín wọn. Bí wọ́n bá ń yan ara wọn, àwọn tó mọ̀wé á kó jọ, àwọn ọ̀rẹ́ á kó jọ, àwọn tí kò mọ ẹnikẹ́ni á sì di ẹgbẹ́ àṣẹ́kù. Ẹ fún wọn ní ìwé ìbéèrè kúkúrú: wákàtí wo ló ṣí sílẹ̀ fún ọ lọ́sẹ̀, kí lo mọ̀ ọ́n ṣe, irú máàkì wo lò ń lé. Wákàtí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí gbogbo wọn gbọ́n, tí wọ́n sì nífẹ̀ẹ́ ara wọn, tí iṣẹ́ wọn dàrú nítorí pé kò sí wákàtí kan ṣoṣo tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fi jókòó pọ̀. Ohun kan tún wà tí Barbara Oakley, Richard Felder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2004: bí obìnrin bá kéré nínú kíláàsì, ẹ má ṣe fi ẹnìkan ṣoṣo sáàárín àwọn ọkùnrin ní ọdún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí iṣẹ́ akọ̀wé ni wọn yóò tì sí i lọ́wọ́. Bákan náà ni fún ẹnikẹ́ni tó bá dá yàtọ̀ láàárín wọn.

AdíwọnIṣẹ́ fèsì pé:

Mo fara mọ́ ohun tí àgbà sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un ní ti máàkì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń bẹ̀rù.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é kò le. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún àwọn yòókù ní òǹkà láti 1 dé 5, láìfi ara rẹ̀ kún un. Ẹ wá ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ fi ìpíndọ́gba gbogbo ẹgbẹ́ pín in. Ẹ jẹ́ ká sọ pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ gba 70, tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ní 4.5, 4.0, 4.0 àti 3.5. Ìpíndọ́gba ẹgbẹ́ jẹ́ 4.0. Ẹni àkọ́kọ́ ní 1.125, àwọn méjì àárín ní 1, ẹni ìkẹyìn ní 0.875. Bí ẹ bá fi 70 sọ wọ́n di púpọ̀, wọn yóò gba 78.75, 70, 70 àti 61.25. Àwọn kan máa ń fi òdiwọ̀n sí òkè, pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá 1.05, kí ẹni tó gba iṣẹ́ mọ́ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ má baà jèrè lórí rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ yóò gba 73.5. Èmi fara mọ́ òdiwọ̀n yìí gidigidi.

Ohun tí ẹ bá béèrè nínú ìwé náà ló lágbára ju ìṣirò lọ. Ẹ má béèrè pé “Ṣé ó kára mọ́ iṣẹ́?” nítorí ìwà ni ìyẹn ń dá lẹ́jọ́, ìfẹ́ àti ìkórìíra ni wọn yóò sì fi dáhùn. Ẹ béèrè pé “Ṣé ó mú iṣẹ́ tó ṣèlérí wá ní ọjọ́ tó dá?” tàbí “Nígbà tí kò lè mú un wá, ṣé ó tètè sọ?” Lábẹ́ òǹkà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ gbólóhùn kan tó sọ ohun tí wọ́n rí. Èyí ló ń dín àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n fún ara wọn ní 5 yíká kù. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ti àárín sáà kò ní wọ inú máàkì rárá, àmọ́ kí ẹnìkọ̀ọ̀kan rí àkópọ̀ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ láìsí orúkọ. Ètò CATME, tí Purdue University ń bójú tó, lè bá yín pín ẹgbẹ́, kí ó sì gba irú ìgbéléwọ̀n yìí. Ṣùgbọ́n kíláàsì kékeré lè fi ìwé lásán ṣe é.

Nítorí pé kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ yín, ẹ ó fẹ́ wo àkọsílẹ̀ git, ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí oníkálukú ṣe, láti mọ ẹni tó kọ kóòdù (àṣẹ tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà) púpọ̀. Ẹ wò ó, àmọ́ ẹ má fi iye ìlà ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta wá àṣìṣe kan rí lè má pa ju ìlà kan dà, ẹni tó da fáìlì tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ sínú iṣẹ́ á sì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Akẹ́kọ̀ọ́Jáde fèsì pé:

Mo júbà ẹ̀yin olùkọ́ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí àga akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí ojú mi rí, nítorí mo bẹ̀rù pé òǹkà tí ẹ ń sọ yìí lè pa ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹnìkan wà tó mọ kóòdù kọ ju gbogbo wa lọ. Apá ìforúkọsílẹ̀ àwọn aṣàmúlò ni wọ́n fún mi. Mo ṣe é, ó ń ṣiṣẹ́, mo sì gbé e wọlé ní alẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, kò sí ìlà kankan nínú ohun tí mo kọ níbẹ̀ mọ́. Ó ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí gbogbo wa pé, “Mo ti tún un ṣe, ó mọ́ sí i báyìí.” Kò fi ìbínú sọ ọ́, ire ẹgbẹ́ ló ń wá. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí apá ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà ni a ti jókòó, tí a ń retí ohun tí yóò sọ pé kí a ṣe. Bí wọ́n bá ní kí a dá òǹkà fún ara wa nígbà náà, òun ni yóò gba 5, èmi á gba 2, gbogbo ẹni tó bá rí ìwé náà yóò sì gbà pé mo jẹ́ ọ̀lẹ.

Nínú ẹ̀kọ́ mìíràn lẹ́yìn náà, òfin wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí iṣẹ́ ẹlòmíràn padà láìjẹ́ pé onítọ̀hún kà á, tó sì fọwọ́ sí i. Òfin kékeré yìí ló mú kí n kọ́ kóòdù ní tòótọ́, nítorí ẹni tó mọ̀ jù mí lọ wá di dandan fún un láti sọ ìdí tí ọ̀nà tirẹ̀ fi dára jù. Ẹ dákun, bí ẹ bá rí ẹni tó dákẹ́ nínú ẹgbẹ́, ẹ béèrè bí ìdákẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Olùtọ́nà fèsì pé:

Ọmọ mi, o ṣeun tí o sọ̀rọ̀. Ohun tí o sọ bá ìwádìí mu. Ní 2010, Anita Woolley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ẹgbẹ́ ẹni méjì sí márùn-ún wò lórí oríṣiríṣi iṣẹ́. Ọgbọ́n ẹni tó gbọ́n jù láàárín wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ bí ẹgbẹ́ yóò ṣe ṣe dáadáa tó. Ohun tó bá àṣeyọrí rìn ni pé kí ọ̀rọ̀ sísọ yí gbogbo wọn ká, kí ẹnìkan má gba ẹnu gbogbo ènìyàn sọ, kí wọ́n sì lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ara wọn.

AdíwọnIṣẹ́, mo bọ̀wọ̀ fún ìṣirò yín, mo sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé òun ni ó ń kọ́ni. Máàkì ń fi hàn ẹni tó ṣubú. Bí a ti ń rìn ni olùkọ́ ní í kọ́ni. Ìbéèrè kẹta tí Olùkọ́Kọ̀ǹpútà béèrè ló ṣe kókó lójú mi, ìdáhùn mi sì ni pé kò gba àkókò tó bí ẹ ṣe rò.

Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ fún wọn ní wákàtí kan kí wọ́n kọ àdéhùn ẹgbẹ́, nínú kíláàsì, níṣojú yín. Àdéhùn wọn àkọ́kọ́ kì í dára. Wọn á kọ pé “A ó máa bọ̀wọ̀ fún ara wa, a ó sì máa wá sí ìpàdé lásìkò.” Ẹ dá a padà, kí ẹ bi wọ́n pé: bí ẹnìkan kò bá dáhùn ìpè fún ọjọ́ méjì ńkọ́? Ta ni yóò kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀? Bí ẹni méjì bá fẹ́ ọ̀nà yìí, tí ẹni méjì fẹ́ ọ̀nà tọ̀hún, báwo lẹ ó ṣe pinnu? Ìgbà tí wọ́n bá kọ ọ́ pé “Ẹni tí kò bá ní lè parí iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní wákàtí 48 ṣáájú, a ó sì tún iṣẹ́ náà pín láìbínú” ni ó tó di àdéhùn tó wúlò. Òfin tí Akẹ́kọ̀ọ́Jáde sọ, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣe ìpàdé. Ọ̀pọ̀ wọn kò rí i rí. Kí ipò alága àti ti akọ̀wé máa yí ká lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìpàdé kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ: ohun tí a pinnu, ẹni tí yóò ṣe é, ọjọ́ tí yóò parí. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì kà á. Ìṣẹ́jú méjì péré ni lórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ ẹnìkan kò bá jẹ yọ níwájú iṣẹ́ kankan fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ti rí ohun tí ẹ ó béèrè, kí ó tó di ẹjọ́.

Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń tọ́ka sí ìpele mẹ́rin tí Bruce Tuckman gbé kalẹ̀ ní 1965, pé ẹgbẹ́ á kóra jọ, á jà, á rí ìlànà, á sì ṣiṣẹ́, tí òun àti Mary Ann Jensen sì fi ìtúká kún un ní 1977. Ó wúlò láti fi sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé èdèkòyédè kì í ṣe òpin ayé. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe kàlẹ́ńdà. Inú àkọsílẹ̀ nǹkan bí àádọ́ta ló ti fà á yọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì dá lórí àwọn ẹgbẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ àti ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọjọ́ iṣẹ́ ń lé bọ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn kì í jà rárá, òmíràn sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ìjà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìparí.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́kàn ju ti Tuckman ni ti Amy Edmondson. Ní 1999, ó fi hàn pé ẹgbẹ́ tí ọkàn àwọn ọmọ rẹ̀ balẹ̀ láti sọ pé “kò yé mi” tàbí “mo ti ba nǹkan jẹ́” ló ń kẹ́kọ̀ọ́, òun ló sì ń ṣe dáadáa. Ọwọ́ olùkọ́ ni èyí ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ fún yín pé ẹgbẹ́ àwọn ti pẹ́ lẹ́yìn, tí ohun àkọ́kọ́ tó sì gbọ́ jẹ́ ìbáwí, kò ní sọ fún yín mọ́, kò sì ní sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ náà.

Olùkọ́Kọ̀ǹpútà tún béèrè pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Sáà tó ń bọ̀ ni mo lè fi ọ̀pọ̀ nínú èyí bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan tó ku ẹni mẹ́rin péré wà lọ́wọ́ mi báyìí, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà nínú méjìlá, tí ẹni mẹ́ta nínú wọn ti kọ̀wé sí mi pé kí n yọ ẹnìkan kúrò. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò tíì sọ nǹkan kan. Kí ni kí n ṣe lọ́sẹ̀ yìí?

ÀgbàOlùkọ́ fèsì pé:

Ẹ má yọ ọ́ báyìí, ẹ má sì fi lẹ́tà náà pamọ́. Ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, òun nìkan, kí ẹ sì gbọ́ tirẹ̀ kí ẹ tó sọ ohun tí àwọn yòókù sọ. Ó lè jẹ́ àìsàn, ó lè jẹ́ iṣẹ́ òru tó fi ń gbọ́ bùkátà, ó sì lè jẹ́ ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́Jáde sọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ tún ohun tí ẹnìkejì sọ sọ, títí onítọ̀hún yóò fi gbà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun wí, kí ó tó dá a lóhùn. Ó máa ń falẹ̀, ojú sì máa ń tì wọ́n díẹ̀, àmọ́ ó ń pa ariwo. Ẹ má gbà kí wọ́n dìde láìfi iṣẹ́ kan sí ọwọ́ ẹni náà, iṣẹ́ tó ní òpin, tí a lè rí, tó máa parí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Kí àwọn mẹ́ta yòókù náà kọ ohun tí àwọn yóò ṣe kí iṣẹ́ ọ̀hún lè ṣeé ṣe, bí i kí wọ́n fún un ní ààyè sínú kóòdù, kí wọ́n sì dáhùn ìbéèrè rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí kò ṣe é, tí àwọn yòókù sì ṣe tiwọn, a lè yà á sọ́tọ̀ nígbà náà. Kí ó ṣe apá kan iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, tó kéré sí ti ẹgbẹ́, kí ẹ sì gbé e léwọ̀n lórí ohun tí ẹni kan lè ṣe. Ẹ dín ohun tí ẹ ń retí lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta náà kù pẹ̀lú, kí ẹ sì sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ohun tí ẹ ṣètò fún ẹni mẹ́rin ni wọ́n ń bá yí.